Kò Rẹ̀ Mí, Ó Sú Mi Ni

Kubwa l’Abuja ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, lọ́sàn-án Sátidé kan, níwájú àwọn òbí àti olùkọ́ ọmọ Yorùbá tó ń gbé lápá ibẹ̀. Àwọn tí kò ráàyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn. Mo ti yọ ibi tí mo ti ń jí àwọn tó ń sùn kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá bí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, mo rí yín o. Ẹ kú iṣẹ́.

Nígbà tí akọ̀wé pè mí lórí fóònù, ohun tó sọ ni pé, “Ántí, ẹ bá wa gba àwọn olùkọ́ wa níyànjú, kí wọ́n yé fi iṣẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.” Mo ní mo gbọ́. Mo ti dé báyìí, mo sì fẹ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ akọ̀wé: n kò ní gba olùkọ́ kankan níyànjú lónìí. Ìyànjú ti tó wọn. Gbogbo ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá la ń gbà wọ́n níyànjú, a ó fún wọn ní ráìsì nínú ike, a ó ya fọ́tò, ó tún di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tí ẹ ni ilé-ìwé ni mo wá bá sọ̀rọ̀.

Ní 2009, mo kọ lẹ́tà kan. Abala ìwé tí mo ya nínú lẹ́sìn-nóòtì mi ni mo kọ ọ́ sí. Ìlà mẹ́rin péré: mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, mo ní mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ilé, mo kọ déètì, mo buwọ́ lù ú. Mo ká a, mo fi sínú àpò ẹ̀gbẹ́ báàgì mi níbi tí mo máa ń kó orógbó sí. Ibẹ̀ ló wà fún táàmù méjì. N kò fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín, láti ọjọ́ tí mo ti kọ ọ́ ni mo ti lọ.

Ẹ ó ní báwo? Mo ṣì ń dé kí agogo tó lù. Mo ń mákì réjísítà. Mo ń kọ nǹkan sójú pátákó, àwọn ọmọ ń dà á kọ. Bí ọmọ bá nawọ́ láti béèrè nǹkan, màá ní kó jókòó, a máa dé ibẹ̀, a kì í sì í débẹ̀. Ọmọ Gbagyi kan wà tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ọmọ jẹ́jẹ́, ó mọ ìṣirò bí nǹkan míì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi wá. Mo ń fa ìlà síwájú orúkọ rẹ̀ láràárọ̀, n kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, bí ọmọ bá pa ọjọ́ méjì jẹ, màá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ilé.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní, “Ó rẹ̀ ọ́ ni. Gba ìsinmi.” Mo lo gbogbo họlidé ní Ìkìrun, mo sùn, mo jẹ iyán, mo sanra díẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, tí mo rí géètì ilé-ìwé, inú mi rú, mo fẹ́ bì. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé kò rẹ̀ mí. Ó sú mi ni.

Èdè wa ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé lórí rẹ̀. Àárẹ̀ ń gbọ́ oorun. Ohun tó bá sú èèyàn kì í gbọ́ oorun. Ẹ sì wo bí a ṣe ń sọ ọ́: a kì í sọ pé “mo sú iṣẹ́”, “iṣẹ́ sú mi” la ń wí. Iṣẹ́ ló ń ṣe nǹkan sí èèyàn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wádìí ìdí tí nǹkan fi sú olùkọ́, iṣẹ́ ni kó kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò, kó tó máa yẹ ìwà olùkọ́ wò.

Àwọn onímọ̀ ti bá a débẹ̀ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Christina Maslach ní Amẹ́ríkà ti ń fi ìwọ̀n wọn nǹkan yìí, tí wọ́n ń pè ní “burnout” lédè Gẹ̀ẹ́sì, lára àwọn òṣìṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 síwájú. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣàlàyé rẹ̀ nínú àkójọ àrùn wọn. Wọn kò pè é ní àrùn, wọ́n ní wàhálà ibi iṣẹ́ tó pẹ́ tí kò sì rí àbójútó ló ń fà á. Wọ́n ní ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà yọjú: agbára á tán lára èèyàn, ọkàn rẹ̀ á kúrò lára iṣẹ́ tàbí kó máa fojú òdì wò ó, iṣẹ́ tó ń ṣe kò sì ní yọrí mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ka ìyẹn, mo rẹ́rìn-ín. Àfi bí ẹni pé wọ́n ti jókòó sí kíláàsì mi.

Kí wá ló sú mi? Owó ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Mo ń bọ̀ lórí owó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ níbi ìpàdé: ilé ìtọ̀.

Ilé-ìwé tí mo wà nígbà yẹn, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣáláńgá méjì ló ní. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn ọmọ. Ẹ má jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe rí. Èkejì ní kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ náà sì wà lápò ṣòkòtò ọ̀gá àgbà ìgbà náà. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́, wàá lọ sí ọ́fíìsì, wàá bá àlejò méjì-mẹ́ta níbẹ̀, wàá sì ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́.” Èmi ìyá ọmọ mẹ́ta! Ohun tí àwa obìnrin wá ń ṣe ni pé a kì í mu omi. Láti aago márùn-ún ìdájí tí mo bá ti kúrò nílé títí di aago méjì ọ̀sán, n kò ní fi omi kan ẹnu. Ẹ sì mọ bí oòrùn Abuja ṣe máa ń mú lóṣù Kẹta. Mo wá ń tọ̀, ó ń ta mí bí ata. Ilé ìwòsàn tí mo lọ, nọ́ọ̀sì bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní olùkọ́. Ó ní, “Mo ti mọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ àti àwọn ọlọ́jà ni.”

Ẹ fi ti ohùn kún un. Ọmọ 97 ló wà ní kíláàsì mi. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ní ọmọ 35 ni kó wà lọ́dọ̀ olùkọ́ kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ tó wà lẹ́yìn tó gbọ́ ọ, wàá pariwo bí alápàatà. Tí ọyẹ́ bá wá dé, tí eruku rẹ̀ pàdé eruku ṣọ́ọ̀kì, ọ̀fun á gbẹ, á bó. Ìdí nìyí tí orógbó fi pọ̀ nínú báàgì olùkọ́. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé a fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Kò sí èyí tó le nínú ìwọ̀nyí tó bá jẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó bá tọ̀ mí wá lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí kọ́kọ́rọ́ ṣáláńgá, màá fi ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ ni mo fi bẹ̀bẹ̀ fún kọ́kọ́rọ́ yẹn.

Ó wá kan owó. Nínú oṣù Keje 2024 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tó sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000. Níbí l’Abuja, àwọn káńsù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń san owó olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Àwọn tó ń kọ́ni ní sẹ́kọ́ńdírì ní tiwọn, ọ̀dọ̀ ìjọba FCT, ìyẹn àwọn tó ń ṣàkóso gbogbo Abuja, ni owó wọn ti ń wá. Nítorí náà, tọkọtaya lè jọ máa gbé yàrá kan ní Byazhin, kí àwọn méjèèjì jẹ́ olùkọ́, kí wọ́n jọ máa ná ọjà kan náà, kí owó tuntun dé ọwọ́ ọkọ, kí aya ṣì máa retí. Ní òpin oṣù Kẹta 2025, ìretí náà sú àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀. Ó lé ní oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ rántí bí àwọn ọmọ ṣe ń rìn káàkiri lásìkò yẹn. Àwọn kan nínú yín sọ fún mi nígbà náà pé àwọn olùkọ́ kò láàánú. Mo dákẹ́ nítorí pé àgbà ni yín. Ẹ̀yin náà ẹ ro ó wò: ta ni kò láàánú?

Mo ti rí olùkọ́ tó ń gba owó táṣẹ́rẹ́ tó dúró, mo sì ti rí èyí tó ń gba owó ńlá tó lọ. Kíkéré owó burú. Àìmọ ọjọ́ tó máa wọlé burú ju ìyẹn lọ, torí èèyàn lè fi owó kékeré ṣètò, kò sẹ́ni tó lè fi “a ṣì ń retí” ra gààrí.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé-ìwé aládàáni, ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti dé ọ̀dọ̀ yín. Owó oṣù Kẹjọ ńkọ́? Ẹ ó ní àwọn ọmọ wà nílé. Ṣé ikùn olùkọ́ náà lọ fún họlidé ni? Bí olùkọ́ bá pẹ́ dé nítorí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Nyanya, ẹ yọ owó. Bí ó bá dúró di aago mẹ́fà nítorí òbí kan kò tètè wá mú ọmọ rẹ̀, ẹ kò fi kún un. Àwọn kan nínú yín ń gba sáfíkéètì olùkọ́ pamọ́ kí ó má baà sá. Ẹni tí ẹ bá ní láti dè mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti lọ tipẹ́. Ara rẹ̀ nìkan ló kù lọ́dọ̀ yín.

Àwọn tó sì ríbi lọ ń lọ. Láti oṣù Kejì 2023 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣílẹ̀kùn fún olùkọ́ láti Nàìjíríà láti gba ìwé-àṣẹ olùkọ́ tiwọn, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ ọmọ ọdún 11 sí 16 ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè. Ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ẹ gbọ́ dáadáa. Àwọn tí a kò ní tó gan-an ni wọ́n ń fẹ́.

UNESCO gbé ìròyìn kan jáde ní 2024, ó ní ayé ṣì nílò olùkọ́ mílíọ̀nù 44 sí i kí 2030 tó pé, mílíọ̀nù 15 nínú wọn ní apá Áfíríkà tiwa tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sahara. Iye yẹn kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Èyí tó bà mí lẹ́rù ni pé ní 2015, olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lágbàáyé jẹ́ 4.62 nínú 100. Ní 2022, ó ti di 9.06. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọdún méje. Ìjọba á gba olùkọ́ tuntun, wọ́n á pe àwọn oníròyìn, inú gbogbo wa á dùn, inú ajere la sì ń bu omi sí.

Ẹ sì mọ ẹni tó máa ń kù lẹ́yìn nígbà tí àwọn tó mọṣẹ́ bá ti lọ. Ní 2017, ìjọba Kaduna fún àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìdánwò tó bá ọmọ Práímárì 4 mu. Wọ́n ní 21,780 nínú nǹkan bí 33,000 ni kò yege. Gbogbo orílẹ̀-èdè bú sẹ́rìn-ín. N kò ní gbèjà ẹni tí kò mọ ohun tó ń kọ́ ọmọ. Kò yẹ kó wà níwájú ọmọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ bá sọ di èyí tí ẹni tó ríbi lọ kò ní dúró nídìí rẹ̀, ẹni tí kò ríbi lọ ni yóò kún inú rẹ̀. Ìdánwò yẹn ń dá àwọn tó lọ náà wò, àwọn tí kò jókòó kọ ọ́.

Ti Ìlà-Oòrùn Àríwá yàtọ̀ sí tiwa níbí. UNICEF sọ ní 2017 pé àwọn Boko Haram ti pa olùkọ́ tó lé ní 2,295 láti 2009, wọ́n sì ti lé 19,000 kúrò nílé. Mo ní ojúgbà kan tó sá ti Borno wá sí Gwagwalada. Ó ṣì ń kọ́ni. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí kọ́ àwọn ọmọ, kì í lọ síwájú pátákó. N kò tíì bi í léèrè ìdí.

Ẹnì kan á ní ìjọba ṣáà ti ṣe nǹkan. Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹwàá 2020, Ààrẹ Buhari kéde owó oṣù tuntun fún olùkọ́, ó ní a ó máa ṣiṣẹ́ fún ọdún 40 dípò 35, a ó sì fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọdún 65 dípò 60. Ní 2022, ọ̀rọ̀ iye ọdún iṣẹ́ àti ìfẹ̀yìntì yẹn di òfin. Ẹ má bínú sí mi, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín jó lọ́jọ́ náà. Ẹni tí iṣẹ́ ṣì dùn mọ́, ọdún márùn-ún jẹ́ ẹ̀bùn fún un. Ẹni tí iṣẹ́ ti sú ńkọ́? A kàn há a mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ yín fún ọdún márùn-ún sí i.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ bá mi sin ọ̀rọ̀ pé èrè olùkọ́ ń bẹ lọ́run. Àwọn àgbà tiwa kò gbà á. Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì Israel Ransome-Kuti, ọ̀gá àgbà gíramà Abẹ́òkúta, tó jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó mọ ọ̀nà ọ̀run jù wá lọ, òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ NUT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1931. Ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ipò olùkọ́ ní ayé níbí ló bá ìjọba òyìnbó fà.

Ẹ ti ń wò mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí lẹ́tà mi.

Táàmù kejì ni wọ́n gbé ọ̀gá tuntun wá. Obìnrin ará Zaria ni, ó ga, ó máa ń wọ híjáàbù aláwọ̀ eérú, Màlámà la máa ń pè é. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní kí wọ́n gé ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ ṣáláńgá mẹ́rin, ó so wọ́n kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá àwọn olùkọ́. Kò pe ìpàdé lórí rẹ̀. A kàn bá a níbẹ̀ láàárọ̀ ni.

Ọjọ́rú kan, nínú ọyẹ́, ohùn mi lọ pátápátá. Ìdá ni mò ń kọ́ wọn, ìdá kan nínú mẹ́rin, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ètè mi ń mì, kò sí ohun tó ń jáde. Mo rí i tó dúró lójú fèrèsé. Mo ní ó ti parí, yóò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé olùkọ́ yìí kò ṣiṣẹ́. Ó wọlé, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ ti àga sí mi, ó ní, “Zauna.” Jókòó. Ó yọ ọsàn kan nínú báàgì rẹ̀, ó bó o, ó ń pín in lójú àwọn ọmọ, ẹ̀yà kan nínú mẹ́jọ, ẹ̀yà méjì nínú mẹ́jọ. Ọmọ 97 dákẹ́ rọ́rọ́ nítorí ọsàn kan. Fún ogójì ìṣẹ́jú, mo jókòó, mo ń wo kíláàsì mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀.

Nígbà tí agogo lù, ó tọ́ka sí àyè tó ṣófo lẹ́bàá fèrèsé. Ó ní ta ló ni ibẹ̀ yẹn. Mo dárúkọ ọmọ náà. Ó ní níbo ló wà. Mo ní n kò mọ̀. Kò bú mí. Ó ní, “Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, èmi pẹ̀lú rẹ.”

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta omi la ti rí i, ó ń ti kẹ̀kẹ́ tó ru gálọ́ọ̀nù omi 12 gun òkè. Ìyá rẹ̀ ti bímọ, kò sí owó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan júwe ilé fún wa, n kò sì ní ìwé lọ́wọ́ tí mo lè kọ ọ́ sí. Mo tọwọ́ bọ àpò ẹ̀gbẹ́ báàgì, mo fa lẹ́tà yẹn yọ láàárín orógbó, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí: *mọ́ṣáláṣí, yà sọ́wọ́ òsì, ilé tó ní igi máńgòrò*. Màlámà rí iwájú rẹ̀. Ó kà á. Ó dá a padà fún mi, ó ní ká máa lọ, ilẹ̀ ń ṣú.

Obìnrin yẹn kò fi kọ́bọ̀ kún owó mi. Káńsù ò tíì san owó wa lóṣù yẹn, mo rántí dáadáa. Ọmọ 97 ṣì jẹ́ 97, àfi pé gbogbo wọn tún wá pé.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ yé fi ohùn ránṣẹ́ sí olùkọ́ lórí Wọsáàpù ní aago mẹ́wàá alẹ́ nítorí ọmọ yín gbàgbé pẹ́ńsùlù. Ẹ má bú u lójú ọmọ. Ọmọ tó bá ti gbọ́ èébú náà lẹ́nu yín kò ní gbọ́ ti olùkọ́ mọ́. Ẹ san owó ilé-ìwé nígbà tó yẹ, owó yẹn ni owó oṣù ẹnì kan. Ẹgbẹ́ yìí ní owó ìdókòwò kékeré kan, alága ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á fún wa. Mo dábàá pé kí a fi díẹ̀ nínú rẹ̀ kọ́ ilé ìtọ̀ fún àwọn olùkọ́ ní ilé-ìwé kan ní àdúgbò yìí, obìnrin lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀, kí omi wà níbẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó. Kí ẹnì kan bá mi ṣètìlẹ́yìn fún àbá náà kí akọ̀wé tó pa ìwé rẹ̀ dé.

Ó ti ń lọ sí aago mẹ́rin. Bí ìbéèrè bá wà, ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn kọ́kọ́ béèrè. Àwọn kan nínú wọn ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n fẹ́ lọ kọ́ ní Mararaba, ẹ sì mọ̀ bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe ń rí lọ́jọ́ Sátidé.